Gbèsè Tó Ń Wọlé Lẹ́yìn Ọjọ́ Kejìdínlọ́gbọ̀n

Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ fún ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù àwọn òṣìṣẹ́ kan nílùú Ìbàdàn. A tún un kọ fún kíkà, àmọ́ a ò yọ àwàdà inú rẹ̀.

Ẹ kú ìjókòó o. Alága, ogójì ìṣẹ́jú lẹ fún mi. Ẹ bá mi ṣọ́ aago, torí ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ yìí kì í tètè tán lẹ́nu mi.

Oṣù kì í ṣe ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Gbogbo wa la mọ̀ bẹ́ẹ̀, síbẹ̀ mẹ́rin la máa ń fi pín owó oúnjẹ. Ẹ jẹ́ ká mú ilé kan tó ya 62,000 náírà sọ́tọ̀ fún oúnjẹ lóṣù ọlọ́jọ́ 31. Wọ́n pín in sí mẹ́rin, wọ́n ń ná 15,500 lọ́sẹ̀. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n, owó ti tán. Kò sẹ́ni tó ná ìnákúnàá, kò sẹ́ni tó jalè, àmọ́ ọjọ́ mẹ́ta ṣì kù táwọn ọmọ máa jẹun. Ọjọ́ mẹ́ta yẹn ni gbèsè ń bá wọlé. Wọ́n á gba ìrẹsì láwìn, wọ́n á yá 5,000 lọ́wọ́ ará ibi iṣẹ́, tàbí kí wọ́n tẹ fóònù láti yáwó. Owó oṣù tuntun ò tíì dé tí wọ́n ti jẹ lára rẹ̀.

Ọjọ́ ni kí ẹ fi pín in. 62,000 sí ọ̀nà 31, 2,000 ni lójúmọ́, 14,000 lọ́sẹ̀. 6,000 á ṣẹ́ kù: ti ọjọ́ mẹ́ta ìparí nìyẹn, ẹ má fi sínú àkáǹtì tí káàdì wà lára rẹ̀. Ẹ má sì wo kàlẹ́ńdà. Ọjọ́ tí owó wọlé sí ọjọ́ tí òmíràn máa wọlé ni kí ẹ kà. Bí wọ́n bá san owó oṣù Kejìlá lọ́jọ́ 18 nítorí Kérésì, tí ti oṣù Kìn-ín-ní ò dé àfi ọjọ́ 27, ogójì ọjọ́ ni owó kan ṣoṣo yẹn máa fi bọ́ yín. Ogójì! Ẹ sì ti lọ ra aṣọ ẹbí méjì. (Ẹ̀rín.) Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń wolẹ̀ yẹn, mi ò dárúkọ ẹnikẹ́ni o.

Àwọn olùdámọ̀ràn orí íntánẹ́ẹ̀tì ní kí ẹ fi ìdajì owó yín gbọ́ bùkátà, kí ẹ fi ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún ṣe fàájì, kí ẹ fi ìdá 20 pamọ́. Owó oṣù tó kéré jù lórílẹ̀-èdè yìí láti 2024 jẹ́ 70,000 náírà. Ìdá 30 rẹ̀ jẹ́ 21,000. Fàájì wo? Bí ọkọ̀ àlọ àtàbọ̀ bá jẹ́ 1,500 lójúmọ́, tí èèyàn lọ síbi iṣẹ́ fún ọjọ́ 22, 33,000 ti lọ. Ẹni tó gbé òfin yẹn kalẹ̀ ò wọ Micra láti Ọ̀jọ́ọ̀ dé Dùgbẹ̀ rí.

Ìwé àkọsílẹ̀ wá ńkọ́? Ìwé ọmọ ilé-ìwé ti tó. Ẹ fa ìlà sí ọ̀nà mẹ́rin: ọjọ́, ohun tí ẹ rà, iye rẹ̀, bí ẹ ṣe sanwó. Owó tó balẹ̀ sí àkáǹtì lẹ máa kọ sókè, kì í ṣe èyí tó wà lórí lẹ́tà ìgbaniṣíṣẹ́. Wọ́n ti yọ owó orí, owó ìfẹ̀yìntì àti ti ẹgbẹ́ kó tó dé ọ̀dọ̀ yín. Ibi tó ti máa ń bàjẹ́ ni àwìn. Ọjọ́ tí wọ́n bá sanwó ọjà ni ọ̀pọ̀ ń kọ ọ́ sílẹ̀. Nípa bẹ́ẹ̀, oṣù tí wọ́n jẹ ọjà náà á dà bí ẹni pé ó dára, oṣù tó tẹ̀ lé e lá wá ru ẹrù. Ọjọ́ tí ẹ bá gbé ọjà ni kí ẹ kọ ọ́, kí ẹ kọ "àwìn" sí ìlà kẹrin, kí ẹ fagi lé e lọ́jọ́ tí ẹ bá san án. Ẹ kọ owó oní-POS náà. Bó bá gba 200 lórí 10,000 tí ẹ gbà, 10,200 ló jáde.

Lálẹ́ Sátidé, ẹ ka owó ọwọ́, ẹ wo àkáǹtì, ẹ fi wé ohun tí ìwé ní ó yẹ kó kù. Bí kò bá bára mu, ẹ wá a fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Bí ẹ ò bá rí i, ẹ kọ "a ò rántí", ẹ má dá a lórúkọ tí kì í ṣe tirẹ̀. Ìwé tó bára mu látòkèdélẹ̀ láìsí "a ò rántí" kankan, irọ́ ló wà nínú rẹ̀.

Ó kan èlé. Ẹ fẹ́ yá 20,000 lórí fóònù fún ọjọ́ 14. Wọ́n yọ 3,000 ṣáájú, 17,000 ló wọlé, 20,000 lẹ máa dá padà. Wọ́n ní ìdá 15 ni. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. 17,000 lẹ gbà, 3,000 lórí 17,000 sì ti lé ní ìdá 17, fún ọ̀sẹ̀ méjì péré. Ẹni tó ń san án tó sì ń tún un yá ní gbogbo ọ̀sẹ̀ méjì, ìgbà 26 lọ́dún, á san 78,000 ní èlé, á sì tún jẹ 20,000. Àwọn baba wa mọ irú èyí. Iṣẹ́ tí ìwọ̀fà ń ṣe lóko olówó ni èlé; bó ti wù kó kọ ebè tó, owó tí wọ́n yá ò dín kọ́bọ̀. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé ìwọ̀fà ìgbà yẹn mọ̀ pé ìwọ̀fà lòun. Òṣómàáló ọjọ́sí tó ń ta aṣọ láwìn pàápàá, ẹ̀yin Ìjẹ̀ṣà ẹ má bínú, ẹnu ọ̀nà onígbèsè ló máa lóṣòó sí. Ti orí fóònù á kọ̀wé sí ọ̀gá yín, sí àna yín, àti sí fọkanáísà tí nọ́ńbà rẹ̀ wà lórí fóònù yín. Láti 2022 ni FCCPC, àjọ ìjọba tó ń gbèjà oníbàárà, ti ń forúkọ wọn sílẹ̀. Èyí tí kò bá sí nínú àkójọ wọn, ẹ má fọwọ́ kàn án.

(Níbí ni arábìnrin kan nawọ́ láti ẹ̀yìn.)

"Ẹ kú iṣẹ́, sà. Láti ìgbà tí ẹ ti dé lẹ ti ń pín 62,000 oúnjẹ. Ẹni tí gbogbo owó oṣù rẹ̀ jẹ́ 70,000, tó bímọ mẹ́ta, kí ló fẹ́ pín? Ṣé ìwé ni wọ́n á máa jẹ?" (Àtẹ́wọ́.)

Mà, ẹ ti gba ìdánilẹ́kọ̀ọ́ yìí lọ́wọ́ mi. Ẹ jẹ́ kí n pa ìwé tí mo mú wá dé.

Ìwé kì í mú owó wá. Ohun tó ń ṣe ni pé ó ń fi hàn yín bóyá owó ni ẹ ò pín dáadáa, tàbí owó ni kò tó. Ẹ kọ ọ́ fún oṣù mẹ́ta. Bí ẹ bá yọ ìnáwó òde kúrò, tí ohun tó ń jáde ṣì ń fi 18,000 ju ohun tó ń wọlé lọ lóṣooṣù, àìtó ni. Àìtó kì í gbọ́ oògùn ẹ̀yáwó. Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀. Ẹ yá 18,000 lóṣù kìn-ín-ní, pẹ̀lú èlé ìdá 10 péré. Lóṣù kejì, ẹ máa san 19,800, àlàfo 18,000 ṣì wà níbẹ̀, nítorí náà ẹ máa yá 37,800. Oṣù kẹta, 59,580. Oṣù kẹrin, 83,538. Ní oṣù mẹ́rin, gbèsè ti ju owó oṣù lọ, kò sì sẹ́ni tó ra nǹkan kan. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣiṣẹ́ ìjọba ní Ọ̀ṣun láàárín 2015 sí 2018, tí wọ́n ń san àbọ̀ owó oṣù fún, mi ò ní láti ṣàlàyé fún yín.

Wọ́n á ní kí ẹ dín káàdì ìpè kù. 18,000 ò sí nínú káàdì ìpè, mà. Inú ohun ńlá mẹ́ta ló wà: ilé, ọkọ̀ àti owó ilé-ìwé. Ọ̀kan nínú mẹ́ta yìí ló ní láti yí padà, bó ti wù kó ro wá lára tó, àbí kí owó mìíràn máa wọlé lọ́wọ́ ìrọ̀lẹ́. Ọjà tí ẹgbẹ́ ń kó fún wa ká máa san díẹ̀díẹ̀ náà lè ṣèrànwọ́, àmọ́ ẹ kọ́kọ́ bèèrè iye tí wọ́n ń ta àpò ìrẹsì kan náà ní Bódìjà. Èlé lè wà nínú iye tí ẹgbẹ́ ń tà á.

Alága ti ń fi aago hàn mí. Mo máa sáré.

Ẹ kọ gbogbo gbèsè sójú ewé kan: ẹni tí ẹ jẹ, iye tó kù, èlé rẹ̀ lóṣù ní náírà, ọjọ́ tó yẹ ẹ san. Kì í ṣe èyí tó tóbi jù lẹ máa kọ́kọ́ pa, èyí tó ń tún ara rẹ̀ bí ní gbogbo ọ̀sẹ̀ méjì ni. Ẹ wọ èsúsú, ẹ bẹ̀bẹ̀ kí wọ́n kọ́kọ́ gbé e fún yín, ẹ fi pa gbèsè fóònù rẹ́, kí ẹ wá máa dá tiyín láìsí èlé. Ẹbí tí ẹ jẹ lówó, ẹ pè é kó tó pè yín. Ti báǹkì, ẹ rántí pé láti 2020, bí ẹ bá ti fọwọ́ sí i nínú ìwé ẹ̀yáwó, wọ́n lè yọ owó wọn nínú àkáǹtì yòówù tó so mọ́ BVN yín. Kíkó owó lọ sí báǹkì mìíràn ò ràn án.

Akápò, ẹ má bínú sí mi. 100,000 tí ẹgbẹ́ ń yáni ní èlé ìdá 10 fún oṣù mẹ́wàá, 11,000 lóṣù. Bí ẹ ṣe ń dá a padà, iye tó wà lọ́wọ́ yín ń dín kù, àmọ́ èlé ò dín. Ní ìpíndọ́gba, 55,000 ló wà lọ́wọ́ yín, 10,000 lórí rẹ̀ sì lé ní ìdá 18. Ó ṣì sàn ju ti fóònù lọ fíìfíì. Ẹ ṣáà bèèrè bóyá ẹgbẹ́ á dín èlé fún ẹni tó bá tètè san án tán.

Owó ilé: 300,000 lọ́dún jẹ́ 25,000 lóṣù, inú àkáǹtì tí kò ní káàdì. Ẹni tí ọdún rẹ̀ ku oṣù mẹ́rin tí kò tíì ní nǹkan kan, 75,000 ló máa kó jọ lóṣooṣù. Bí kò bá ṣeé ṣe, ìsinsìnyí ni kó lọ bá onílé pé lẹ́ẹ̀mejì lòun máa san án, kì í ṣe lọ́jọ́ tí owó ilé bá tán. Alága, mo ti jókòó.