Àwọn Tó Wa Wúrà Dahlonega

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin èèyàn mi, àti ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà lókè òkun bíi tèmi. Kò sí àlejò lónìí, èmi nìkan ni mo wà nídìí máìkì. Ọ̀rọ̀ ìlú kékeré kan ló gba ọkàn mi, Dahlonega, lápá àríwá ìpínlẹ̀ Georgia ní Amẹ́ríkà níbí. Tẹ́ ẹ bá gba ọ̀nà 400 láti Atlanta, ẹ ò ní wakọ̀ ju wákàtí kan àti díẹ̀ lọ, ẹ ó kàn rí i pé òkè ti ń pọ̀, ẹ ti ń débẹ̀ nìyẹn.

Ìlú náà ò tóbi rárá. Kọ́ọ̀tù àtijọ́ tí wọ́n fi bíríkì kọ́ ní 1836 wà láàárín gbàgede, ó ti di músíọ̀mù báyìí, àwọn ìsọ̀ áísìkiriìmù àti wáìnì wá yí i ká. Ẹ máa rí àwọn ọmọ yunifásítì nínú yúnífọ́ọ̀mù sójà tí wọ́n ń lọ kíláàsì, torí wọ́n ń kọ́ iṣẹ́ ológun níbẹ̀. Ọ̀kan nínú ilé yunifásítì yẹn, wúrà gidi ni wọ́n fi bo ṣóńṣó orí ẹ̀, orí ìpìlẹ̀ ilé tí ìjọba Amẹ́ríkà ti ń rọ owó wúrà láti 1838 sí 1861 ló sì dúró lé.

Tẹ́ ẹ bá débẹ̀, wọ́n á ní kẹ́ ẹ wá fọ wúrà. Wọ́n á gbé àwo fẹ̀ǹgẹ̀ kan fún yín tí iyanrìn wà nínú ẹ̀, ẹ máa rì í bọ omi, ẹ máa mì í, ẹ máa yí i, omi á máa gbé yẹ̀pẹ̀ tó fúyẹ́ lọ díẹ̀díẹ̀ títí á fi ku iyanrìn dúdú nísàlẹ̀, ẹ wá fi omi díẹ̀ ṣàn án wẹ́rẹ́, ìgbà yẹn lẹ ó tó rí nǹkan pupa bíńtín tó ń dán. Ẹ̀yìn ti ń ro mí kí n tó rí tèmi. Mo wá ń rò ó pé ẹni tó ń ṣe é látàárọ̀ dalẹ́ nínú omi odò nígbà òtútù ńkọ́, tó tún wá jẹ́ pé ẹlòmíì ló ni wúrà tó bá rí? Torí ẹrú wà níbẹ̀ o, àwọn olówó wọn ló kó wọn wá, àwọn míì sì ń fi wọ́n háyà fáwọn awakùsà.

Ilẹ̀ yẹn gan-an, ilẹ̀ àwọn Cherokee ni, ọ̀kan lára àwọn ẹ̀yà tó ti wà ní Amẹ́ríkà káwọn òyìnbó tó dé. Ní 1829 làwọn èèyàn ya bo ibẹ̀ torí wúrà. Nígbà tó di 1832, ìjọba Georgia gé ilẹ̀ náà sí éékà 40, éékà 40, wọ́n fi ta lọ́tìrì, ẹni tí orúkọ ẹ̀ bá jáde ló ni ín, bẹ́ẹ̀ àwọn onílẹ̀ ṣì ń gbé lórí ẹ̀! Lọ́dún yẹn kan náà, kọ́ọ̀tù tó ga jù ní Amẹ́ríkà ní òfin Georgia ò ràn nílẹ̀ Cherokee, Georgia ò tiẹ̀ dá wọn lóhùn. 1838 tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í rọ owó yẹn náà ni sójà kó àwọn Cherokee lọ síbi tó ń jẹ́ Oklahoma lónìí, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ló kú lójú ọ̀nà. Ó dùn mí gan-an ni.

Ẹnì kan tún wà, James Boisclair, Free Jim ni wọ́n ń pè é. Aláwọ̀ dúdú ni, kì í ṣe ẹrú, ó wá láti Augusta, ó ń ta kéèkì àti èso, ló bá rí wúrà. Òfin ò gbà fún un kó ra ilẹ̀ lórúkọ ara ẹ̀, aláwọ̀ funfun kan ló bá a dúró kó tó rí i rà. Ó fowó ẹ̀ ṣí ìsọ̀ ńlá nílùú yẹn. Nígbà tí ariwo wúrà California gba gbogbo ìlú, òun náà lọ, ibẹ̀ ló kú sí.

Lẹ́yìn tí wúrà etí odò dínkù, wọ́n gbẹ́ kòtò omi gba ara òkè, wọ́n wá ń fi páìpù ńlá fín omi lu òkè títí á fi ya, ẹrẹ̀ ẹ̀ á sì wọ odò lọ. Àpá ẹ̀ ṣì wà níbẹ̀ dòní. Ọmọ Ìjẹ̀ṣà ni mí, kí lẹ rò pé mo máa rántí? Ẹ wo oko kòkó tí wọ́n ti hú ní Ìtagunmodi, ẹ wo bí omi Ọ̀ṣun ṣe pọ́n torí wúrà tí wọ́n ń fọ̀ lápá òkè odò, omi táwọn èèyàn ń bù mu nígbà ọdún Ọ̀ṣun l'Óṣogbo.

Owó wúrà wọn wà ní músíọ̀mù yẹn, ọdún wà lára ẹ̀, lẹ́tà D tó jẹ́ àmì Dahlonega wà lára ẹ̀. Orúkọ ẹni tó wa wúrà yẹn jáde ni mi ò rí. Nítorí náà, tí bàbá yín tàbí ìyá yín bá ti wa wúrà rí n'Ítagunmodi tàbí ní Ìperindó, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gba ohùn wọn sílẹ̀ sórí fóònù, kí wọ́n dárúkọ ara wọn, kí wọ́n sọ oko ta ni wọ́n ti wa á àti iye tí wọ́n san fún wọn, kẹ́ ẹ fi ránṣẹ́ sí mi. Màá gbé e sáfẹ́fẹ́ bí wọ́n bá ṣe sọ ọ́ gan-an.