Ẹni Tí Kò Gùnfẹ̀ Rí

Ẹ wo ìyá tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fún ọmọ lọ́mú. Kò ní tẹ́ ọmọ sílẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Á gbé e lé èjìká, á máa rọra gbá a lẹ́yìn títí ọmọ á fi gùnfẹ̀. Ìgbà yẹn ni ọkàn ìyá á tó balẹ̀, torí ó mọ̀ pé bí afẹ́fẹ́ tí ọmọ gbé mì kò bá jáde, ẹkún ni mọ́jú.

Àwọn kan wà tí wọ́n gbá lẹ́yìn títí, tí wọn ò gùnfẹ̀. Wọ́n dàgbà, wọ́n di abiyamọ, wọ́n di bàbá ọlọ́mọ, síbẹ̀ wọn ò gùnfẹ̀ rí láyé wọn.

Ẹ fi ọwọ́ kan gògóńgò yín. Nísàlẹ̀ ibẹ̀, lẹ́nu ọ̀nà oúnjẹ, iṣan kan wà tó rí rùbùtù bí òrùka. Cricopharyngeus ni àwọn dókítà ń pè é. Títì ló máa ń wà. Tí òkèlè bá ń bọ̀, á ṣí. Tí òkèlè bá kọjá, á tún tì. Tí afẹ́fẹ́ bá gòkè láti inú ikùn, ó yẹ kó ṣí fún òun náà. Lọ́rùn àwọn tí mò ń wí yìí, oúnjẹ nìkan ló ń ṣílẹ̀kùn fún. Afẹ́fẹ́ á dé ẹnu ọ̀nà, á bá a ní títì, á sì padà.

Ká ní irú ẹni bẹ́ẹ̀ mu ìgò ẹlẹ́rìndòdò kan lọ́sàn-án. Afẹ́fẹ́ á gòkè, á sọ̀ kalẹ̀, á tún gòkè. Ọrùn á máa dún bí ọ̀pọ̀lọ́ inú àbàtà, ẹni tó jókòó tì í á sì máa gbọ́. Àyà á fún un pinpin. Tó bá di alẹ́, ikùn á le bí ìlù, ṣòkòtò tó wọ̀ láàárọ̀ kò ní ṣeé dè mọ́. Afẹ́fẹ́ tí kò rí òkè gbà, ìdí ló ń gbà jáde, níbi iṣẹ́, nínú ọkọ̀. Ọ̀pọ̀ wọn ni kì í lè bì.

Ohun tó ń dùn mí jù ni pé wọn kì í rẹ́ni gbà wọ́n gbọ́. Àwọn dókítà á ki ẹ̀rọ bọ̀ wọ́n lọ́fun, wọn ò ní rí egbò, wọn ò ní rí kókó. Wọ́n á fún wọn lóògùn ọgbẹ́ inú, wọ́n á ní kí wọ́n dín ẹ̀wà kù. Ọdún á máa gorí ọdún.

Ní ìpínlẹ̀ Illinois, l'Amẹ́ríkà, dókítà ọ̀fun kan, Robert Bastian, fara balẹ̀ gbọ́ wọn. Lọ́dún 2019, òun àti Melissa Smithson gbé ìwádìí jáde lórí èèyàn 51 tí wọ́n tọ́jú. Gbogbo àwọn 51 náà ló gùnfẹ̀.

Abẹ́rẹ́ Botox ni wọ́n lò, èyí tí àwọn kan fi ń na ìhunjọ ojú. Oró kòkòrò àìfojúrí kan ni, ṣùgbọ́n ìwọ̀nba tí wọ́n fún iṣan yìí kàn ń dẹ̀ ẹ́ ni. Dókítà lè kun aláìsàn lóorun kó gba ẹnu wọlé. Àwọn mìíràn ń gún un láti ara ọrùn, láìkun aláìsàn lóorun.

Láàárín ọjọ́ díẹ̀, ìgùnfẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í jáde fúnra rẹ̀. Fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, oúnjẹ lè máa lọ́ra lọ́fun, ó sì lè fẹ́ padà wá sẹ́nu. Oúnjẹ rírọ̀ àti omi ló dáa nígbà náà. Kí òkèlè iyán ṣì dúró ná. Agbára abẹ́rẹ́ á tán ní bí oṣù mẹ́ta, ṣùgbọ́n lára ọ̀pọ̀ jù lọ, ìgùnfẹ̀ kì í lọ mọ́: ara ti kọ́ ọ. Ẹni tó bá padà há fún lè gba abẹ́rẹ́ kejì.

Tó bá jẹ́ pé láìpẹ́ yìí ni tiyín bẹ̀rẹ̀, tí oúnjẹ ń há yín lọ́fun tàbí tí ẹ ń rù, ọ̀rọ̀ mìíràn nìyẹn, ẹ tètè lọ sílé ìwòsàn. Ṣùgbọ́n tó bá ti wà láti kékeré, ẹ wá dókítà etí, imú àti ọ̀fun. Kẹ́ ẹ tó sọ ti inú wíwú, "Mi ò gùnfẹ̀ rí" ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ sọ, torí ọ̀pọ̀ dókítà kì í béèrè.