Ta Ló Ti Ilẹ̀kùn Àká? Ebi Nínú Ogun Àgbáyé Kejì

(Ohun tí mo sọ ní gbọ̀ngàn nìyí. Mo ti yọ ibi tí mo ti tún ọ̀rọ̀ sọ lẹ́ẹ̀mejì kúrò. Àwàdà àti ìjà, mo fi wọ́n sílẹ̀.)

Ẹ kú ìjókòó o. Alága ní ìṣẹ́jú 45 péré ni mo ní. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ mí ti ń rẹ́rìn-ín.

Nígbàkúùgbà tí wọ́n bá pè wá láti sọ̀rọ̀ nípa ogun Hitler, ohun tí àwọn èèyàn ń retí ni táǹkì, ọkọ̀ òfurufú àti orúkọ àwọn ọ̀gágun. Ọ̀rẹ́ mi kan wà, olùkọ́ ìtàn lòun náà, ó mọ gbogbo táǹkì Jámánì bí ẹni mọ ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Mo bi í lọ́jọ́ kan pé, àwọn tó wà nínú táǹkì yẹn ní Stalingrad, kí ni wọ́n jẹ láàárọ̀? Ó ní ìyẹn kì í ṣe ìtàn ogun. Mo ní ìyẹn gan-an ni ìtàn ogun.

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni mo gbé wá. Nínú ogun yẹn, ebi kì í ṣe nǹkan tó kàn bá ìbọn rìn. Ohun ìjà ni. Àwọn èèyàn tó kàwé jókòó sídìí tábìlì, wọ́n ṣírò rẹ̀, wọ́n sì fọwọ́ sí i. Àwọn kan nínú yín ti gbọ́ èyí lẹ́nu mi rí. Ẹ óò tún gbọ́ ọ.

Ẹ jẹ́ ká lọ sí Leningrad, ìlú Rọ́ṣíà tó ń jẹ́ St Petersburg lónìí. Jámánì ya wọ Sófíẹ̀tì, ìjọba tó kó Rọ́ṣíà mọ́ra nígbà náà, ní June 22, 1941. Nígbà tó fi máa di September 8, wọ́n ti dí ọ̀nà ilẹ̀ tó kẹ́yìn tó wọ ìlú náà. Àwọn ọmọ ogun Finland wà ní àríwá, Jámánì wà ní gúúsù, ó sì lé ní mílíọ̀nù méjì èèyàn tó há sáàárín. Lọ́jọ́ kan náà ni bọ́ǹbù sun àwọn ilé ìkóúnjẹpamọ́sí tí wọ́n ń pè ní Badayev. Ṣúgà yọ́ wọ ilẹ̀. Lẹ́yìn náà, àwọn èèyàn lọ ń wa erùpẹ̀ ibẹ̀, wọ́n ń rò ó pọ̀ mọ́ omi, wọ́n ń sẹ́ ẹ, wọ́n ń mu ún. Erùpẹ̀ yẹn di ọjà títà.

Ẹni tó bá mọ ìtàn Òwu kò ní bi mí pé kí ni wọ́n ń pè ní ká dó ti ìlú. Ṣùgbọ́n ohun kan wà níbí tí kò sí nínú ogun àwọn baba wa. Ẹni tó dó ti ìlú láyé àtijọ́ ń fẹ́ kí ìlú túúbá. Hitler kò fẹ́. Ní October 1941, àṣẹ jáde pé bí Leningrad bá tiẹ̀ láwọn túúbá, kí wọ́n má ṣe gbà. Ìdí rẹ̀ ni pé ìlú tó bá túúbá fún ọ, ìwọ lo máa bọ́ ọ.

Mo gbé nǹkan kan wá. Búrẹ́dì Agége rèé. Mo ti wọ̀n ọ́n nílé. Èyí tó wà lọ́wọ́ mi yìí jẹ́ gíráàmù 125. Láti November 20 títí di December 25, 1941, oúnjẹ òòjọ́ ọmọdé, àgbàlagbà tí kì í ṣiṣẹ́, àti akọ̀wé ọ́fíìsì nìyí. Òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ ń gba 250. Ẹ má bi mí léèrè ẹ̀wà o, kò sí ẹ̀wà. (Ẹ̀rín.) Búrẹ́dì tiwọn kò tiẹ̀ rí báyìí: wọ́n lú u mọ́ àṣẹ́kù irúgbìn òwú àti ìyẹ̀fun igi. Òtútù tún wà níta, iná mànàmáná kò sí, omi ẹ̀rọ ti dì. Ọ̀nà kan ṣoṣo tó ṣẹ́ kù ni adágún Ladoga. Nígbà tí omi rẹ̀ dì ní ìparí November, ọkọ̀ ẹrù bẹ̀rẹ̀ sí í gba orí yìnyín kọjá. Àwọn kan dé, àwọn kan rì tàwọn ti dírẹ́bà. Ọjọ́ 872 ni ìdótì yẹn gbà, títí di January 27, 1944. Iye aráàlú tó kú, àwọn onímọ̀ ń fi sáàárín 800,000 àti mílíọ̀nù kan. Ebi ló pa èyí tó pọ̀ jù.

Alága, ẹ má tíì wo aago. Mi ò lè kúrò ní Leningrad láì dé ilé irúgbìn.

Ilé ìwádìí kan wà níbẹ̀ tí Nikolai Vavilov kọ́ ró. Ọkùnrin yìí rin ayé já, ó dé Etiópíà ní 1927, ó ń kó irúgbìn oríṣiríṣi jọ kí aráyé má bàa rí ọjọ́ tí kò ní sí ohun tí a ó gbìn. Nígbà ìdótì, àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ wà nínú ilé tó kún fún ìrẹsì, àlìkámà, ẹ̀wà àti ọ̀dùnkún. Wọn kò jẹ ẹ́. Dmitri Ivanov, tó ń ṣọ́ ìrẹsì, kú nígbà tí àpò ìrẹsì yí i ká. Alexander Shchukin, onímọ̀ ẹ̀pà, kú sídìí tábìlì iṣẹ́ rẹ̀. Ẹ̀pà o, ẹ̀yin ará! Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń sọ pé ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́, ẹ sọ ọ́ fún Shchukin.

Vavilov fúnra rẹ̀ ńkọ́? Kò sí níbẹ̀. Àwọn ọlọ́pàá Stalin ti mú un ní 1940 nítorí pé ìmọ̀ rẹ̀ kò bá ti Lysenko, àyànfẹ́ ọ̀gá, mu. January 26, 1943 ló kú sẹ́wọ̀n ní Saratov. Àìjẹun ló pa á. Mo mẹ́nu ba èyí nítorí àwọn tó ń rò pé mo wá fi Jámánì nìkan ṣe ẹlẹ́bi. Ẹni tó kó irúgbìn gbogbo ayé jọ, ìjọba tirẹ̀ ló fi ebi pa á.

Ṣùgbọ́n Jámánì ló kọ ọ́ sínú ìwé. Ní May 1941, ó ku ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan kí wọ́n kọlu Sófíẹ̀tì, àwọn akọ̀wé àgbà ìjọba wọn ṣèpàdé. Àkọsílẹ̀ ìpàdé náà wà títí dòní: bí àwọn bá kó ohun tí àwọn nílò kúrò nílẹ̀ yẹn, ọ̀pọ̀ mílíọ̀nù èèyàn ni ebi yóò pa. Kò sí ẹni tó ní kí wọ́n dáwọ́ dúró. Herbert Backe ni ògúnnágbòǹgbò ètò yẹn. Ìbọn kò sí lọ́wọ́ rẹ̀; bíbọ́ àwọn èèyàn ni iṣẹ́ ọ́fíìsì rẹ̀. Nínú àwọn ọmọ ogun Sófíẹ̀tì tí Jámánì kó lẹ́rú, tí wọ́n tó mílíọ̀nù márùn-ún àti ààbọ̀ ó lé, èyí tó lé ní mílíọ̀nù mẹ́ta ló kú sí ìgbèkùn. Wọ́n fi wáyà ẹlẹ́gùn-ún ká wọn mọ́ pápá gbalasa, wọn kò fún wọn lóúnjẹ. Kí ló dé tí ìwé ilé-ìwé wa kò fi ní orí kan lórí èyí? Nítorí pé kò sí táǹkì níbẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí ọ̀rẹ́ mi gbọ́.

Stalingrad, ìlú Sófíẹ̀tì tí ọ̀rẹ́ mi fẹ́ràn, ló kàn. Ní November 1942, Sófíẹ̀tì yí ẹgbẹ́ ọmọ ogun kẹfà ti Jámánì ká. Göring, olórí àwọn ọmọ ogun òfurufú Jámánì, ṣèlérí fún Hitler pé òun yóò máa fi ọkọ̀ òfurufú bọ́ wọn. Ó kéré tán, tọ́ọ̀nù 300 ni wọ́n nílò lójúmọ́. Èyí tó ń dé kò tó ìdajì rẹ̀. Wọ́n pa ẹṣin wọn jẹ, ẹṣin tán. Göring ní tirẹ̀ kò rù, ẹ lọ wo àwòrán rẹ̀. Nígbà tí ìjà parí ní February 2, 1943, àwọn bí 91,000 ló wọ ìgbèkùn. Àwọn tó padà délé lẹ́yìn ọdún gbọọrọ kò ju ẹgbẹ̀rún márùn-ún tàbí mẹ́fà lọ. Ikùn òfìfo ni wọ́n gbé wọ ibẹ̀.

(Alága kan tábìlì níbí.)

Ó dáa. Ẹ gbà mí láàyè fún Warsaw, olú ìlú Poland. Ìtàn Auschwitz, àgọ́ tí Jámánì ti pa àwọn Júù, ẹ ti mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n kí wọ́n tó kó àwọn Júù Warsaw lọ sí Treblinka, àgọ́ ìpànìyàn mìíràn, wọ́n kọ́kọ́ há ohun tó lé ní 400,000 mọ́ inú ògiri. Oúnjẹ tí wọ́n fi àṣẹ fún Júù kan ní 1941 jẹ́ nǹkan bíi kálórì 184 lójúmọ́. Àwọn ọmọ kéékèèké ló ń gba ihò ògiri wọlé pẹ̀lú ọ̀dùnkún. Dókítà Israel Milejkowski àti àwọn dókítà Júù ẹgbẹ́ rẹ̀, tí ebi ń pa àwọn náà, ń kọ ohun tí ebi ń ṣe sí ọkàn, ojú àti ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ bí ó ti ń ṣẹlẹ̀ lójú wọn. Èyí tó pọ̀ jù nínú wọn kú. Ìwé wọn jáde ní 1946. Nígbà tí ìkólọ bẹ̀rẹ̀ ní July 1942, wọ́n lẹ ìkéde mọ́ ògiri: ẹni tó bá fẹsẹ̀ ara rẹ̀ wá síbi ọkọ̀ ojú irin yóò gba kílò búrẹ́dì mẹ́ta àti kílò jáàmù kan. Àwọn èèyàn lọ. Àwọn tó ń bi wá pé kí ló dé tí wọn kò fi jà, ẹ gbàwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta ná kí ẹ tó padà wá béèrè.

Mo gbọ́dọ̀ sáré báyìí. Gíríìsì ní 1941 sí 1942, Vietnam ní 1945, Netherlands ní òtútù ogun tó kẹ́yìn: ẹ kọ wọ́n sílẹ̀, ẹ lọ kà á. Nanjing ní Ṣáínà, December 1937, níbi tí Jàpáàn ti pa aráàlú nípakúpa, ẹ mọ̀ ọ́n. Bọ́mà, tó ń jẹ́ Myanmar lónìí, ni mo fẹ́ dé.

Jàpáàn gba Rangoon, olú ìlú ibẹ̀, ní March 1942, ìrẹsì Bọ́mà kò wọ Bengal, ní Íńdíà tó wà lábẹ́ Gẹ̀ẹ́sì, mọ́. Ẹ̀rù ba Gẹ̀ẹ́sì pé Jàpáàn ń bọ̀, wọ́n kó ìrẹsì kúrò ní etíkun, wọ́n gba ọkọ̀ ojú omi lọ́wọ́ àwọn apẹja. Ìjì líle jà ní October. Owó ìrẹsì fò sókè, àwọn ọlọ́jà ńlá dì í mọ́ àká, London kò sì fẹ́ yọ̀ǹda ọkọ̀ tó pọ̀ tó láti gbé oúnjẹ wá. Àwọn tó kú tó mílíọ̀nù méjì sí mẹ́ta. Nígbà yẹn gan-an, ní òpin 1943, ni àwọn ọmọ ogun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ti Dífíṣọ̀n 81, àwọn ọmọ wa wà níbẹ̀, gba Bengal kọjá lọ sí Arákàn ní Bọ́mà. Wọ́n la ọ̀nà bíi máìlì 75 láti Chiringa dé odò Kaladan. Lẹ́yìn ìyẹn, ojú ọ̀run ni oúnjẹ wọn ti ń jábọ́, àwọn aláàárù sì ń fi orí rù ú la igbó kọjá. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń gba iwájú Arakan Barracks ní Àpápá kọjá, tàbí Letmauk ní Ìbàdàn, ibẹ̀ ni orúkọ wọ̀nyẹn ti wá.

Jàpáàn ní tirẹ̀ kọlu Imphal àti Kohima, ní Íńdíà, ní March 1944. Ọ̀gágun wọn, Mutaguchi, fún wọn ní oúnjẹ nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ó ní wọn yóò jẹ ti ọ̀tá. Wọn kò rí i jẹ. Ọ̀gágun Sato kó àwọn èèyàn rẹ̀ kúrò ní Kohima láì gba àṣẹ, torí kò sí ohun tí wọ́n fẹ́ jẹ. Ebi àti àìsàn pa nínú wọn ju ọta lọ.

Nílé níbí, láti 1941, Captain Pullen, òṣìṣẹ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, fi iye lé gàrí l'Ékòó, iye tí ọlọ́jà kò lè tà á kó jèrè. Gàrí sá kúrò lójú ọjà. Alimotu Pelewura, ẹlẹ́ja ọjà Ẹrẹ́kò, kó àwọn obìnrin sòdí, wọ́n bá ìjọba fà á títí 1945. Mo ní ọ̀rọ̀ púpọ̀ láti sọ lórí Pelewura, alága kò gbà.

Ìgbà tí a ní kí wọ́n béèrè ọ̀rọ̀ ni gbogbo rẹ̀ yí padà. Bàbá kan dìde lẹ́yìn, wọn ò bèèrè nípa Leningrad. Wọ́n ní: “Ọ̀gá olùkọ́, ẹ ti ká gbogbo ayé, ẹ sì fo Biafra. Ṣé ẹ̀rù ń bà yín ni?” Gbọ̀ngàn pa lọ́lọ́, ariwo wá sọ.

Mo ní: Bàbá, ẹ ṣeun, ogun àgbáyé ni wọ́n pè mí sí. Ṣùgbọ́n mi ò ní sá. Gbólóhùn tí gbogbo wa mọ̀, pé ebi jẹ́ ohun ìjà tó bófin mu, àti ẹni ńlá tí wọ́n fi í sí lẹ́nu, mi ò ní jà á níbí. Àwọn tó bá fẹ́ gbèjà rẹ̀ àti àwọn tó bá fẹ́ fi bú u ti ń múra. Òfin ni mo fẹ́ sọ.

Backe kò jẹ́jọ́ rárá. Ó so ara rẹ̀ sínú àtìmọ́lé ní Nuremberg, ìlú Jámánì tí wọ́n ti ń ṣẹjọ́ àwọn ọ̀daràn ogun, ní April 1947. Ní 1948, nígbà tí wọ́n ń ṣẹjọ́ Ọ̀gágun von Leeb, tó darí àwọn tó dó ti Leningrad, ilé ẹjọ́ Amẹ́ríkà ní Nuremberg sọ pé kí èèyàn dó ti ìlú kí ebi lè mú un kò lòdì sí òfin ogun ìgbà náà, bí ó tilẹ̀ wu àwọn adájọ́ pé kí òfin rí bẹ́ẹ̀ kọ́. Leningrad o! Ó di 1977 kí àfikún ìwé àdéhùn Geneva lórí òfin ogun tó kọ ọ́ ní kedere pé kò gbọdọ̀ sí ẹni tí yóò fi ebi aráàlú jagun. Ogun tiwa parí ní January 1970. Nítorí náà, ẹni tó bá ní kò lòdì sí òfin nígbà yẹn ní ẹsẹ̀ lórí ilẹ̀. Ilẹ̀ tí von Leeb dúró sí náà ni, kó mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Bàbá kò gbà. Wọ́n ní: “Ẹ ń fi wá wé Hitler.” Mo ní rárá. Backe fẹ́ kí wọ́n kú. Ó kọ ọ́ sílẹ̀ kí ogun tó bẹ̀rẹ̀. Ní Bengal, mi ò rí ìwé tó ní kí wọ́n kú, ohun tí mo rí ni ìjọba tó ka nǹkan mìíràn sí pàtàkì jù. Ìyàtọ̀ yẹn tóbi, mi ò ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni pa á rẹ́. Ṣùgbọ́n ìbéèrè tí mo ń bi Churchill, olórí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì nígbà náà, ni mo máa bi Gowon àti Ojukwu: ọjọ́ wo lẹ mọ̀, kí lẹ sì ṣe lọ́jọ́ kejì? Ní Calcutta, ní Bengal, ìwé ìròyìn The Statesman tẹ àwòrán àwọn tí ebi ń pa ní August 1943. Lẹ́yìn ọjọ́ yẹn, kò sí ẹni tó lè ní òun kò mọ̀. Ní 1968, àwòrán àwọn ọmọ Biafra wà nínú ìwé ìròyìn gbogbo ayé, Lagos àti Enugu ṣì ń bá ara wọn fa ọ̀rọ̀ bóyá ojú ọ̀run ni oúnjẹ yóò gbà wọlé tàbí orí ilẹ̀. Nígbà tí mo sọ ìyẹn, ẹnì kan ké pé kì í ṣe Enugu mọ́ nígbà náà, Enugu ti ṣubú ní October 1967. Ó tọ̀nà, Umuahia ni kí n sọ. Bàbá ní kí n jókòó, kí wọ́n wá sọ ohun tí wọ́n fojú ara wọn rí ní ojú ogun, alága sì gbé ẹ̀rọ gbohùngbohùn fún wọn.