Àtẹ̀gùn Inú Ihò Fàdákà

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi. Houston ni mo ti ń bá yín sọ̀rọ̀, àmọ́ ọkàn mi ṣì wà ní Guanajuato, ìlú fàdákà tó fara sin sáàárín òkè ní Mẹ́síkò. Abẹ́ ilẹ̀ ni mọ́tò wa gbà wọ̀lú. Odò ló ń ṣàn níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Omíyalé rẹ̀ da ìlú láàmú títí wọ́n fi darí omi gba ibòmíràn, tí ojú odò wá di títì.

Mo ya fọ́tò àwọn ilé aláwọ̀ mèremère bíi ti gbogbo èèyàn, àmọ́ Valenciana, àdúgbò ìwakùsà fàdákà kan níbẹ̀, ló mú mi lọ́kàn. Ṣọ́ọ̀ṣì San Cayetano, tí wọ́n parí ní 1788, wà níbẹ̀. Wúrà ni wọ́n fi bo pẹpẹ rẹ̀ látòkè délẹ̀, owó fàdákà ni wọ́n sì fi kọ́ ọ. Mo jáde, mo sọ̀ kalẹ̀ sínú ihò ìwakùsà kan tí wọ́n ń mú àlejò wọ̀. Àtẹ̀gùn òkúta ni, ó tutù, orúnkún mi ń gbọ̀n. Irú àtẹ̀gùn yìí làwọn aláàárù tí wọ́n ń pè ní tenatero ń gùn tòun ti òkúta fàdákà lẹ́yìn. Ẹ jọ̀ọ́, bàbá mi ṣe aláàárù ní Dùgbẹ̀ n'Ìbàdàn. Mo mọ bí ọrùn aláàárù ṣe máa ń rí lálẹ́.

Láti ọ̀rúndún kẹrìndínlógún ni wọ́n ti ń kó adúláwọ̀ lẹ́rú wá síbi iṣẹ́ fàdákà Mẹ́síkò. Nígbà tí Valenciana fi là, ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ ibẹ̀ ti dòmìnira, wọ́n ń gbowó iṣẹ́, ẹ̀jẹ̀ Áfíríkà sì wà lára púpọ̀ nínú wọn.

Lẹ́yìn náà ni mo dé Alhóndiga, àká ọkà tí Miguel Hidalgo, àlùfáà tó bẹ̀rẹ̀ ìjà òmìnira Mẹ́síkò lọ́wọ́ Sípéènì, àtàwọn èèyàn rẹ̀ jà gbà ní oṣù kẹsàn-án 1810. Oṣù kejìlá ọdún yẹn ló pàṣẹ pé kí àwọn tó lẹ́rú tú wọn sílẹ̀ láàárín ọjọ́ mẹ́wàá. Wọ́n yìnbọn pa á ní 1811, wọ́n sì gbé orí rẹ̀ kọ́ sí igun àká yẹn títí di 1821. Mo pẹ́ lẹ́sẹ̀ ògiri náà. N kò lè rìn.

Mo pe bàbá mi lálẹ́, mo ròyìn àtẹ̀gùn yẹn fún wọn. Wọ́n ní, "Ṣé wọ́n ní òṣùká?"

Mo ní rárá o, bàbá, ẹ̀yìn ni wọ́n ń gbé e sí.

"Ẹ̀yìn kẹ̀? Nínú òkùnkùn?"