Ìwé Ọba Lọ́wọ́ Nehemáyà: Ìyànjú Òwúrọ̀ fún Ẹni Tí Ń Wá Físà Iṣẹ́

Bíbélì kíkà: Nehemáyà 1:1 sí 2:9

Ẹ káàárọ̀ o, ẹ̀yin ará nínú Olúwa, pàápàá ẹ̀yin ọmọ wa ní Ọ̀fà, Òmù-Àrán àti Ìlọrin tí ẹ ń to ìwé jọ láti lọ ṣiṣẹ́ ní òkè òkun.

Láti oṣù Kísíléfì títí di Nísánì nínú kàlẹ́ńdà àwọn Júù, nǹkan bí oṣù mẹ́rin, ni Nehemáyà agbọ́tí ọba fi wà lórí ọ̀ràn Jerúsálẹ́mù tí odi rẹ̀ ti wó, pẹ̀lú ààwẹ̀ àti àdúrà, kí ọba Páṣíà tó bi í ní ohun tí ó ń fẹ́. Ọba tún bi í pé ìrìnàjò rẹ̀ yóò ti pẹ́ tó, àti pé ìgbà wo ni yóò padà, ìbéèrè tí àwọn òṣìṣẹ́ ẹ́ḿbásì kò tíì yé bi ènìyàn títí di òní. Nehemáyà kò kólòlò. Ó dá àkókò fún ọba, ó sì fi ẹnu ara rẹ̀ béèrè ìwé sí àwọn gómìnà òdìkejì odò Yúfírétì kí wọ́n lè jẹ́ kí ó kọjá, àti òmíràn sí Ásáfù, olùtọ́jú igbó ọba, nítorí igi tí yóò lò. Ọwọ́ rere Ọlọ́run wà lára rẹ̀, síbẹ̀ ó gba ìwé kí ó tó gbéra.

Àwọn kan nínú wa ti gun orí òkè àdúrà lọ́pọ̀ ìgbà, ṣùgbọ́n wọn kò tíì yẹ̀ ẹ́ wò bóyá orúkọ tí ó wà lórí NIN wọn bá ti páásípọ́ọ̀tù àti ti WAEC mu. Bí lẹ́tà kan bá yàtọ̀, ẹ lọ búra ní kóòtù, kí ẹ sì tún un ṣe nísinsìnyí. Ìwé pàápàá ní ọjọ́ orí: oṣù mẹ́ta péré ni a lè fi lo nọ́ńbà Certificate of Sponsorship, ìyẹn ìwé ìgbọ̀wọ́ iṣẹ́, tí agbanisíṣẹ́ Ìlú Ọba bá fún ènìyàn, oṣù mẹ́fà sì ni ti ìwé àyẹ̀wò ikọ́ ife, nítorí náà ẹni tí ó bá sáré ṣe àyẹ̀wò kí iṣẹ́ tó dájú lè san owó náà lẹ́ẹ̀mejì.

Bí ẹnikẹ́ni bá ń ta iṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó ní Ìlú Ọba fún yín láti ilé, ẹ mọ̀ pé láti 22 July 2025 ni ìjọba ibẹ̀ ti ti ọ̀nà yẹn mọ́ àwọn tuntun tí ń bọ̀ láti òkèèrè. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá yín ṣe ayédèrú ìwé báǹkì. Ìlú Ọba lè fi ọdún 10 ti ilẹ̀kùn mọ́ ẹni tí ó bá fi irọ́ wá físà, Kánádà lè fi ọdún 5 tì í. Èmi kò tilẹ̀ mọ irú ààwẹ̀ tí a lè gbà kí Ọlọ́run bá wa bo irọ́ mọ́lẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a gbàdúrà.

Baba, ìwọ tí o fún Nehemáyà ní ojú rere níwájú ọba, fún àwọn ọmọ rẹ ní ojú rere níwájú ẹni tí yóò yẹ ìwé wọn wò. Bí wọ́n bá dúró níwájú òyìnbó, fi òtítọ́ àti ọ̀rọ̀ tí ó ṣe tààrà sí wọn lẹ́nu. Dáàbò bo àwọn tí ń wọ ọkọ̀ lọ sí Èkó àti Àbújá fún ìtẹ̀ka. Tú àṣírí gbájúẹ̀ tí ń wo owó ilẹ̀ tí òbí wọn tà. Ẹni tí wọ́n ti kọ̀ fún, Baba, tù ú nínú, jẹ́ kí ó lè fi ọkàn balẹ̀ ka ìdí tí wọ́n kọ sínú lẹ́tà náà, kí ó sì rí ohun tí yóò tún ṣe. Ní orúkọ Jésù, àmín.