Ta Ló Ń Dárúkọ Owó Fún Aláìsàn Eyín?

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o, ẹ̀yin dókítà eyín, ẹ̀yin nọ́ọ̀sì, ẹ̀yin therapist tí ẹ ń bá wọn fọ eyín, àti ẹ̀yin tí ẹ ń jókòó sídìí káàdì. Wọ́n ní kí n sọ̀rọ̀ lórí àjọṣe òṣìṣẹ́ ní ilé ìwòsàn eyín aládàáni, kí n sì fi ti owó ìtọ́jú kún un. Èmi ò rí i bí ọ̀rọ̀ méjì. Ẹnu òṣìṣẹ́ ni aláìsàn ti ń gbọ́ iye owó, bí ọ̀rọ̀ náà bá sì ṣe yé òṣìṣẹ́ tó ni yóò ṣe yé ẹni tó fẹ́ sanwó.

Ẹ jẹ́ ká wo ohun tó wọ́pọ̀. Ẹnì kan wọlé, ó fọwọ́ ti ẹ̀rẹ̀kẹ́. Kó tó jókòó, ó ti bi ọmọbìnrin tó wà nídìí káàdì pé, "Àǹtí, èló lẹ fi ń yọ eyín?" Àǹtí dárúkọ iye tó gbọ́ kẹ́yìn. Nígbà tó dé orí àga, dókítà dárúkọ iye mìíràn. Wọ́n ya fọ́tò eyín, wọ́n rí i pé eyín náà ṣì ṣeé gbà là, pé root canal, ìyẹn fífọ inú gbòǹgbò eyín kí a tó dí i, ló nílò, ni iye kẹta bá jáde. Lójú aláìsàn, wọ́n fẹ́ lu òun ní jìbìtì ni. Bẹ́ẹ̀, ẹnikẹ́ni ò purọ́ fún un. Àwọn òṣìṣẹ́ ni ò jọ jókòó kí ohùn wọn ṣọ̀kan.

Ìdí nìyí tí mo fi máa ń rọ àwọn tó ni ilé ìwòsàn pé kí wọ́n ṣí ìwé ìnáwó sílẹ̀ fún òṣìṣẹ́, àtẹni tó ń gbálẹ̀ pàápàá. Kí wọ́n fi iye tí kálukú ń gbà lóṣù pamọ́, kí wọ́n fi ìyókù hàn. Ohun tí a fi ń dí eyín, abẹ́rẹ́ tí kì í jẹ́ kí ó dun aláìsàn, àti àwọn fáìlì kéékèèké tí a fi ń fọ inú gbòǹgbò eyín, òkè òkun ni ọ̀pọ̀ wọn ti ń wá. Nígbà tí ìjọba tú náírà sílẹ̀ kí ọjà máa pinnu iye rẹ̀ ní oṣù kẹfà 2023, dọ́là kan tó wà ní nǹkan bí 460 náírà ní iye ti ìjọba ti kọjá 1,500 kí oṣù kejì 2024 tó parí. Ní oṣù kẹrin ọdún náà, iná mànàmáná fún àwọn tó wà ní Band A, ìyẹn àwọn tí wọ́n ṣèlérí iná ogún wákàtí ó kéré tán lójúmọ́ fún, di 225 náírà lórí yúníìtì kan, kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ tó ń fún ẹ̀rọ ìlu-eyín ní afẹ́fẹ́ àti ẹ̀rọ tí a fi ń se irinṣẹ́ sì ń jẹ iná. Ní oṣù keje, owó oṣù tó kéré jù lọ kúrò ní 30,000, ó di 70,000. Òṣìṣẹ́ tí ò mọ èyí yóò gbà pé ọ̀gá ló ń kó gbogbo owó sápò. Kò ní láti fẹnu sọ ọ́ kí aláìsàn tó rí i lójú rẹ̀.

Ẹ̀dínwó ńkọ́? Àwa Yorùbá máa ń ná ọjà. Ẹni tó bá ní "Dókítà, ẹ bá mi dín in kù" kò bú yín. Ṣùgbọ́n bí dókítà bá dín owó kù lórí àga láìsọ fún ẹni tó ń gbowó, ẹni tó ń gbowó ni yóò di ìkà nígbà tó bá bèèrè iye tó wà lákọọ́lẹ̀. Mo ti rí i tí irú nǹkan báyìí sọ nọ́ọ̀sì àti akápò di ọ̀tá. Ẹnì kan ṣoṣo ni kí ẹ̀dínwó wà lọ́wọ́ rẹ̀, kó kọ ọ́ sílẹ̀, kó sì kọ ìdí rẹ̀ mọ́ ọn.

Ìwé ẹ̀tọ́ aláìsàn tí wọ́n gbé jáde ní Nàìjíríà ní 2018 sọ pé aláìsàn lẹ́tọ̀ọ́ láti mọ iye tí ìtọ́jú rẹ̀ yóò jẹ, láìfi ohunkóhun pamọ́. Nítorí náà, ẹ kọ ọ́ sínú ìwé kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀: ohun tí ẹ fẹ́ ṣe, iye rẹ̀, àti ohun tó lè mú un yí padà. Ẹ kọ ọ́ ní Yorùbá fún ẹni tó bá fẹ́ Yorùbá. Bí HMO, ìyẹn ilé iṣẹ́ ìbánigbófò ìlera, ló ń sanwó fún un, ẹ sọ ohun tí wọn ò ní san kó tó gun orí àga.

Ibi tó ká mi lára jù ni owó orí iṣẹ́, tí àwọn kan ń fún dókítà ní ìpín lórí gbogbo eyín tó bá dí. Èmi ò fara mọ́ ọn. Eyín tí fífọ̀ tó fún yóò di èyí tí wọ́n lu ihò sí, eyín tí wọ́n bá sì ti lu kì í hù padà. Nọ́ọ̀sì tó ń di iná mú ń rí gbogbo rẹ̀, ṣùgbọ́n ta ló kọ́ ọ pé ọmọdé lè ko àgbà lójú níwájú àlejò? Ẹ fún un ní ọ̀nà. Ẹ jọ fẹnu kò sí ìbéèrè kan, bíi "Dókítà, ṣé ká tún fọ́tò yẹn wò?" Bó bá ti jáde lẹ́nu rẹ̀, dókítà yóò dúró, kò ní bínú. Ní ìpàdé àárọ̀ pẹ̀lú, ẹ jẹ́ kí ẹni tó kéré jù kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Bí ọ̀gá bá ti sọ tirẹ̀ tán, ta ni yóò tún ta kò ó?

Ó ku ẹni tí kò ní owó. Bí àìsàn rẹ̀ bá lè dúró, ẹ kọ lẹ́tà fún un lọ sí ilé ìwòsàn ìjọba, ẹ má jẹ́ kó lọ lọ́wọ́ òfo. Ṣùgbọ́n bí abẹ́ àgbọ̀n rẹ̀ bá wú, tí kò lè gbé itọ́ mì, tí ohùn rẹ̀ ń yí padà, àrùn láti inú eyín ti ń sún mọ́ ọ̀nà ọ̀fun nìyẹn, ó sì lè dí èémí rẹ̀ pa. Òfin ìlera orílẹ̀-èdè ti 2014 kò fàyè gba kí ẹnikẹ́ni kọ ìtọ́jú pàjáwìrì fún irú ẹni bẹ́ẹ̀. Kí ọmọbìnrin ìdí káàdì ní àṣẹ láti gbé e wọlé, kó sì pe dókítà jáde lọ́gán, láìkọ́kọ́ tẹ ọ̀gá láago, láìbèèrè kọ́bọ̀. Ẹ sọ ọ́ fún un lónìí, níṣojú gbogbo òṣìṣẹ́, kí ẹnikẹ́ni má baà bá a wí lọ́la.