Kí ló dé tí fùkù adìyẹ fi máa ń lẹ̀ mọ́ egungun ìhà?

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹni tó bá ti fọwọ́ ara ẹ̀ kó inú adìyẹ rí á mọ nǹkan tí mò ń sọ: ìfun á jáde, iwe á jáde, ẹ̀dọ̀ àti ọkàn náà á jáde, àmọ́ nǹkan pupa fẹ́ẹ́rẹ́ kan á kù sẹ́yìn tó lẹ̀ típẹ́ mọ́ egungun ìhà, àfi kéèyàn fi èékánná yọ ọ́. Fùkù ẹ̀ nìyẹn, ẹ̀dọ̀fóró. Ẹ sún mọ́ ọn dáadáa, ṣẹ́ ẹ rí ojú ibi tí egungun ìhà ti wọ̀ ọ́ lára?

Fùkù ewúrẹ́ tẹ́ ẹ ń rà lọ́jà, téèyàn bá fẹ́ atẹ́gùn sí i, á wú. Tiwa náà nìyẹn, tá a bá mí sínú á wú, tá a bá mí síta á sọ̀. Ti ẹyẹ ò rí bẹ́ẹ̀ o, ó kéré, ó le díẹ̀, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ má wú rárá. Báwo ló ṣe wá ń mí?

Ẹni tó bá ti dé ọ̀dọ̀ alágbẹ̀dẹ rí, ẹ rántí ẹwìrì. Ẹwìrì ló ń ṣe gbogbo wàhálà fífẹ́, iná dúró síbi tó wà ni tiẹ̀. Àpò atẹ́gùn ni ẹwìrì ẹyẹ, fùkù ni iná tó dúró sójú kan, ìdí nìyẹn tó fi lè lẹ̀ mọ́ egungun ìhà. Mẹ́sàn-án ló máa ń wà lára ọ̀pọ̀ ẹyẹ, láti ọrùn títí dé ikùn, òmíì tiẹ̀ wọnú egungun apá lọ. Wọ́n fẹ́lẹ́ bíi ọ̀rá, ọ̀bẹ ti já wọn kójú wa tó rí wọn.

Ibi tó dùn mọ́ mi jù rèé. Tí ẹyẹ bá mí sínú, igẹ̀ ẹ̀ á sọ̀ kalẹ̀, àwọn àpò á fẹ̀, èyí tó pọ̀ nínú atẹ́gùn tuntun yẹn á kọjá lọ sínú àpò ẹ̀yìn. Tó bá mí síta, àpò ẹ̀yìn á tì í sínú fùkù. Tó bá tún mí sínú, èyí tí fùkù ti lò á bọ́ sínú àpò iwájú, ìgbà tó bá mí síta lẹ́ẹ̀kejì ló máa tó jáde. Èémí méjì gbáko kí atẹ́gùn kan tó yí ká! Àti pé níbi tó pọ̀ jù nínú fùkù náà, láti ẹ̀yìn bọ̀ síwájú ló ń gbà, kì í yí pa dà, ẹyẹ ì báà máa mí sínú, ì báà máa mí síta. Tiwa ńkọ́? Ọ̀nà tó gbà wọlé ló ń gbà jáde, tuntun àti àlòkù á wá pò mọ́ra wọn.

Ó kan ẹ̀jẹ̀ wàyí. Ọkàn ẹyẹ ní yàrá mẹ́rin bíi tiwa, apá ọ̀tún á ti ẹ̀jẹ̀ tó ti kárí ara sínú fùkù. Inú fùkù yẹn, páìpù wẹ́wẹ́ ló kún ibẹ̀, wọ́n tò tira wọn bí ìdì ìgbálẹ̀. Atẹ́gùn ń gba inú wọn lọ gbọọrọ, ẹ̀jẹ̀ wá ń dábùú ẹ̀ nínú ògiri wọn, awọ tó là wọ́n láàárín sì fẹ́lẹ́ ju tiwa lọ. Ẹ̀jẹ̀ tó dábùú níbi tí atẹ́gùn ti ń wọlé á rí ọ́síjìn gbà dáadáa, èyí tó wà lápá ìparí á rí díẹ̀, gbogbo ẹ̀ á dà pọ̀ lọ sápá òsì ọkàn. Ìdí nìyẹn tí agbára ọ́síjìn inú ẹ̀jẹ̀ yẹn fi lè ga ju ti atẹ́gùn tí ẹyẹ náà ń mí síta. Tiwa ò lè débẹ̀ láé.

Ní 1973, irú igún kan tí wọ́n ń pè ní Rüppell kọlu ọkọ̀ òfuurufú lókè ìlú Abidjan, níbi tó ga tó 37,000 ẹsẹ̀ bàtà. Èèyàn tí ò lo ẹ̀rọ ọ́síjìn níbẹ̀ á dákú kí ìṣẹ́jú mélòó kan tó pé.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń sin adìyẹ, ẹ jọ̀ọ́, fùkù tó mọ ọ́síjìn ń gbà báyìí, bẹ́ẹ̀ náà ló ń gba èéfín kíákíá. Tẹ́ ẹ bá gbé iná èédú sọ́dọ̀ ọmọ adìyẹ, ẹ ṣí fèrèsé sílẹ̀. Tẹ́ ẹ bá sì gbé adìyẹ dání, ẹ má fún un nígẹ̀, tí igẹ̀ yẹn ò bá rí àyè lọ sókè sódò, ẹwìrì ẹ̀ ò ní lè fẹ́.